Má Ṣe Fi Èémí Àlíyà Pamọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Mùnírátù, Àjọkẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùn. Kí àyà rẹ tó já, jẹ́ kí n tètè wí i: ara Àlíyà le koko. Àárọ̀ yìí ló jẹ ìkọ́kọrẹ́ abọ́ kan ààbọ̀, ó ti fọ́ ife tí mo fẹ́ràn jù nínú ilé yìí, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá ra gààrí pé màmá àgbà máa ń hanrun. Nítorí náà jókòó, má pè mí. Mo mọ̀ ọ́. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, o ó já a gbà mọ́ mi lẹ́nu, o ó ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́," nígbà tí o kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ìwé mẹ́fà tí mo kà, jẹ́ kó wúlò fún mi lónìí.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i, kí ilé tí o ń wá ní Àkúrẹ́ tètè jáde, kí o lè wá mú ọmọ rẹ kó tó fọ́ àwọn ife tó kù. Ṣùgbọ́n torí iṣẹ́ kọ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọjọ́ tí o mú Àlíyà wá, o fà mí wọ ilé ìdáná. O mú nǹkan kan jáde nínú báàgì rẹ, o ti fi ọ̀rá dúdú wé e bí ẹni tó ra ẹran tí kò fẹ́ kí aládùúgbò rí i. Ínhélà ni, oògùn tí ọmọ ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí bá ń há a. O ní, "Mọ́mì, dókítà ní ásímà ni. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i o, pàápàá Ìyá Ìbẹfun." Ìyá ọkọ rẹ ni o ń wí, tó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ wá wo ọmọ-ọmọ òun. Mo gba ọ̀rá náà, n kò fọhùn. O rò pé mo ti gbà fún ọ nìyẹn. Rárá o. Ẹnu ló yà mí tí n kò fi lè sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ pé kí ẹnikẹ́ni má rí i, nígbà tí ìwọ náà ṣì wà lọ́mọdé.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n ka àṣìṣe mi sílẹ̀ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o má baà tún un ṣe lórí ọmọ yìí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí o kò mọ̀ rí. Òun ni n ó sọ gbẹ̀yìn, torí ojú ń tì mí, mo sì fẹ́ kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ mọ bírò lára ná.

Èkínní. O mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni a ti ń yan gààrí kí á tó kó o wá tà ní Òde níbí. O lè má rántí bí ibẹ̀ ṣe rí. Ahéré onípákó ni, ààrò mẹ́rin ní ìlà, obìnrin kan nídìí ààrò kọ̀ọ̀kan, igi tútù lábẹ́ agbada, èéfín tó ń lé èèyàn kiri bíi gbèsè. Nígbà tí àyà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún híì-híì bí o bá ń mí, mo ní òtútù ti wọ ọmọ mi láyà. Ta ni yóò sọ pé kì í ṣe òtútù? Ọyẹ́ ló ń mú un wá, òjò ń mú un wá. Mo wá ronú bí ọlọ́gbọ́n. Kí ló ń lé òtútù? Iná. Níbo ni iná pọ̀ sí jù láyé mi? Ìdí ààrò. Ni mo bá gbé àpótí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò mi pẹ́kípẹ́kí. Mo fi àdín pa ọ́ láyà, mo wọ súwẹ́tà fún ọ, mo tún fi ìborùn mi dì ọ́ lórí. Bí ikọ́ náà ṣe ń le sí i ni mò ń tì ọ́ súnmọ́ iná sí i. Àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gààrí á ní, "Ìyá Mùnírà mọ ọmọ tọ́jú o!" Inú mi á dùn, n ó máa yan gààrí mi lọ.

Yéè! Mùnírà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń ti ọmọ mi sínú èéfín, tí mo sì ń gba ìyìn lé e lórí. Mo ṣì máa ń rántí bí o ṣe ń fi ojú bẹ̀ mí láti inú ìborùn yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Àlíyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, má bi ara rẹ pé kí ni àwọn àgbà máa ń ṣe sí òtútù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wo ọmọ náà. Kí ló wà nítòsí rẹ̀ kí èyí tó bẹ̀rẹ̀? Ta ló ń dáná? Ta ló gbálẹ̀? Èyí tí mo ti rí láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi wà lọ́dọ̀ mi nìyí: èéfín oògùn ẹ̀fọn kò bá a lára mu, tùràrí tí mo máa ń sun lọ́jọ́ Jímọ̀ kò bá a lára mu, lọ́fínńdà rẹ yẹn tí ń pe èèyàn láti ìta náà kò bá a lára mu. Mo ti kó tùràrí mi fún aládùúgbò. Ìwọ náà, wá nǹkan ṣe sí lọ́fínńdà.

Bí o bá sì ń wá ilé ní Àkúrẹ́, má wo táìlì. Wo ibi tí àwọn ará ilé ti ń dáná, bóyá èéfín wọn máa wọ yàrá ọmọ rẹ.

Èkejì ni ìbẹ̀rù oògùn. O tó bí ọmọ ọdún méje nígbà tí dókítà kọ́kọ́ fún wa ní ínhélà méjì. Ó ní ká máa lo ọ̀kan lójoojúmọ́, ara ọmọ ì báà yá, ká sì tọ́jú ìkejì fún ìgbà tí èémí bá há. Mo dé ilé, mo sọ fún bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi Alujanna kẹ́ ẹ, pé dókítà yìí fẹ́ sọ ọmọ wa di ẹrú oògùn. Mo ní bí ó bá ti mọ́ ọn lára, àyà rẹ̀ á di ọ̀lẹ, kò ní lè mí fúnra rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ mi orí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọra, ẹ máa ń mi orí sí ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ dáadáa. Bí a ṣe pa èyí tó jẹ́ tojoojúmọ́ tì nìyẹn. Èyí tó jẹ́ ti ìgbà líle, mo ní a ó máa fi ṣọwọ́n, ó di ìgbà tí o bá fẹ́ẹ̀ dákú kí n tó mú un jáde. Ṣé o rí i báyìí? Iná ń jó ilé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i kí omi má baà tán.

Ẹni tó la ojú mi ni nọ́ọ̀sì kan. Ó jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ dé ọsibítù láti ilé-ìwé, ọjọ́ tí n ó padà sí. Nọ́ọ̀sì yìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì ní sùúrù. Mo ń ṣàlàyé òtútù fún un, ó ń wò mí. Ó lọ mú ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń fa mínírà mu. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi sẹ́nu. Ẹ fi ọwọ́ dí imú yín. Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà yẹn, kí ẹ padà wá, ọ̀pá yìí nìkan ni kí ẹ fi máa mí." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kí n tó yíjú padà, àyà mi ti ń lù kì-kì-kì, ojú mi ń ṣú, ó dà bíi pé ẹnìkan gbé ọlọ lé mi láyà. Mo já ọ̀pá náà jù sílẹ̀, mo mí kíkankíkan. Nọ́ọ̀sì mú un nílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin rí tiyín jù sílẹ̀. Ọmọ yín ò rí tiẹ̀ jù sílẹ̀."

Mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń pa ọ́ láyà, n kò mọ ohun tó ń ṣe ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe yẹn, ìwọ àti Lúkmánù ọkọ rẹ. Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má fi yín ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò ní gbàgbé oògùn ojoojúmọ́ mọ́, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín pé àṣejù ni.

Èyí tó kàn, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta ni tàbí ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí yunifásítì ni kẹ́ ẹ máa kà á. Nígbà tí ẹ̀rù wá bà mí tán, mo tún yí sí òdì kejì. Má sáré. Má fo okùn. Má bá wọn lọ sí pápá. Ọjọ́ eré ìdíje ilé-ìwé yín, mo wá wò yín, mo sì bá ọ lábẹ́ igi fúrúùtù, o jókòó ti òkìtì bàtà, o ń ṣọ́ bàtà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ń sáré. Mo ní, "O káre, ọmọ mi." O káre nídìí kí ni? Nídìí pé o ń ṣọ́ bàtà! Dókítà kò sọ pé kí o má sáré. Èmi ni mo sọ ọ́. Ó ní kí o fa oògùn kí o tó sáré, kí o sinmi bó bá rẹ̀ ọ́, ìyẹn nìkan ni. Jẹ́ kí Àlíyà sáré. Lánàá ó sáré yí ilé yìí po ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó ń lé adìyẹ ẹni ẹlẹ́ni. Mo jókòó, mo ń wò ó, àyà mi ń já, ṣùgbọ́n n kò pè é. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kì í fi so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbẹfun. Di ìjókòó rẹ mú.

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, òun àti kúkúǹdùkú kún agbọ̀n, òun àti ìgò àdín. Ó gbé Àlíyà lé itan, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìyá yìí sì gbé etí sí i láyà. Ó ní, "Òtútù wà láyà ọmọ yìí o." Ó ti ń ṣí ìgò. Mo wo ìgò náà, mo rántí ahéré wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo ní, "Ìyá Lúkmánù, ẹ dákun, ẹ dé e ná. Òtútù kọ́. Ásímà ni. Ìyá rẹ̀ náà ní i láti kékeré. Èmi ni mo fi pamọ́ fún yín nígbà tí ẹ wá tọrọ rẹ̀."

Mo mọ̀ pé o ti ń ké "Mọ́mì!" níbi tí o wà. Ké dáadáa, kí o sì máa kà á lọ.

Ìyá náà gbé ọmọ kúrò lórí itan. Ó dé ìgò rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin náà?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà báwo?"

Ó ní, "Bàbá ọmọ yìí ńkọ́? Títí ó fi tó ọmọ ọdún méjìlá, bí ọyẹ́ bá ti dé, a kì í gbádùn. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín, kí ẹ má baà ní ẹ ò fún wa lọ́mọ mọ́."

Háà! A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí Àlíyà fi ń bi wá pé kí ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbẹfun ní àwa méjèèjì ta ọjà alábùkù fún ara wa ni. Mo ní rárá o, ọjà wa kò ní àbùkù kankan, àwa ọlọ́jà ni a ní i. Ẹ̀rín yẹn tán, ó sì nu ojú rẹ̀ nù, kì í ṣe torí ẹ̀rín. Ó ní òun máa ń ti Lúkmánù mọ́ inú yàrá bí àlejò bá wá, kí wọ́n má baà gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo fi bí a ṣe ń lo ínhélà Àlíyà hàn án. Gbọ̀n ọ́n, fi í sẹ́nu ike tó ń gba oògùn dúró, fi ike náà bo imú àti ẹnu ọmọ, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ rọra mí. Ó ní kí n tún un ṣe kí òun rí i. Ó dán an wò títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni méjì ló lè gba Àlíyà là níbí báyìí, níbi tí ìwọ fẹ́ kó jẹ́ ẹyọ ẹnìkan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Má sì tìtorí èyí bá ọkọ rẹ jà. Ìwọ náà kò sọ tìrẹ fún un. Ẹ jókòó, kí ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín bí àwa ìyá yín ṣe rẹ́rìn-ín. Bí Àlíyà bá dé Àkúrẹ́, sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kí o tó sọ orúkọ ọmọ náà fún un. Sọ fún ìyá tó ń kọ́ wọn nílé kéwú, sọ fún aládùúgbò rẹ, sọ fún Àlíyà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Èémí mi ń há, ẹ bá mi mú oògùn mi," láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku èyí tí mo fi sẹ́yìn. Bírò ti mọ́ mi lọ́wọ́ tán, mi ò ní àwáwí mọ́.

O rántí ọjọ́ ọyẹ́ yẹn, tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí èémí há ọ ní kíláàsì, tí o yẹ báàgì rẹ títí, tí o kò rí ínhélà ìgbà líle tí mo wá gbà kí o máa mú lọ sílé-ìwé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, tíṣà yín ránṣẹ́ bi mí pé kí ni nǹkan tí o ń fà sẹ́nu. Kò fi ibi bi mí. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó dé òpin: bí tíṣà bá mọ̀, àwọn ìyá ọmọ tó kù á mọ̀, wọ́n á ní ọmọ alágààrí ń wúkọ́. Ta ni yóò tún ra gààrí lọ́wọ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́? Wọn kì í mọ ikọ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Torí ọjà mi, Mùnírà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí o ti ń wọ bàtà, mo yọ ọ́ nínú báàgì rẹ, mo rì í mọ́ inú garawa gààrí jíjẹ tiwa nínú yàrá, níbi tí oníbàárà kankan kò lè dé.

Ní ọ̀sán, tíṣà gun ọ̀kadà wá. Ó ní, "Ìyá Mùnírà, ọmọ yín ò lè mí, kò rí oògùn rẹ̀." Mo sáré wọ yàrá. Mo ki ọwọ́ bọ inú gààrí dé ìgúnpá, n kò rí ohun tí èmi fúnra mi rì síbẹ̀. Mo da garawa náà délẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì tú gààrí, mo ń pe Ọlọ́run. Ìgbà tí mo rí i, gààrí ti dí i lẹ́nu. A dé ilé-ìwé, wọ́n ti gbé ọ lọ sí ọsibítù. Ètè rẹ ti dúdú nígbà tí mo rí ọ. Ọlọ́run ló ṣíjú àánú wò mí.

Nígbà tí wọ́n yọ ike èémí kúrò lẹ́nu rẹ, ọ̀rọ̀ tí o kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò mọ ibi tí mo sọ ọ́ sí."

Mo sì dá ọ lóhùn. Mo ní, "Kò burú. Máa ṣọ́ra nígbà mìíràn."

Ó ti lé ní ogún ọdún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ ti bá tèmi nínú ilé ìdáná, lọ́jọ́ tí o gbé ọ̀rá dúdú lé mi lọ́wọ́. Dárí jì mí, Àjọkẹ́. N kò sọ pé kí o ṣe é lónìí. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú dáadáa, ó tọ́ sí mi.

Mo ti so ínhélà Àlíyà kọ́ ìṣó ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wá ra gààrí ti ń rí i. Wọ́n ń bi mí, mo ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń ra gààrí wọn lọ. Ọ̀rá dúdú rẹ nìyí, mo ká a sínú ìwé yìí, mo dá a padà fún ọ.

Ọjọ́ tí o ń lọ, Àlíyà àti èmi dúró lẹ́nu géètì, a ń wò ọ́. O ṣí báàgì rẹ, o yẹ̀ ẹ́ wò, o tì í. O rìn díẹ̀, o tún ṣí i. Kí o tó wọ ọkọ̀, o tún ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta. Àlíyà ní, "Màmá, kí ni Mọ́mì mi ń wá?" Mo fà á wọlé, torí mo mọ ohun tí o ń wá, mo sì mọ ẹni tó mú un.

Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ nù, ọmọ mi. Bí o bá tún ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ti báàgì rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o máa lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ alágààrí.